Ọ̀gá Ní Kí Ẹnikẹ́ni Má Yọ Ohunkóhun

Bí ẹ bá rí ọkùnrin tó ń kí àwòrán ara rẹ̀ kó tó kí èèyàn, ẹ yà fún un lọ́nà, kò ní pẹ́ kọsẹ̀. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni olóòtú àgbà ìwé ìròyìn olóṣooṣù kan tó ń sọ̀rọ̀ nípa ohun gbogbo lábẹ́ ọ̀run: adìẹ sínsìn, ìyàwó àti ìyá ọkọ, eyín dídùn, òṣèlú, bí a ṣe ń yọ àbààwọ́n lára aṣọ funfun. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà o, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é. Baba Gbólóhùn ni kí wọ́n máa pe òun, ó ní nítorí pé òun lòun bí gbogbo gbólóhùn tó ń jáde nínú ìwé náà. Ẹ má bi mí léèrè ta ni ìyá wọn.

Lóṣooṣù, àwòrán rẹ̀ máa ń gba ìdajì ojú ìwé kìíní. Ó ti ṣòfin pé àwòrán kankan nínú ìwé náà kò gbọdọ̀ tóbi tó tòun. Nígbà tí wọ́n wá kọ̀wé nípa erin, erin náà kò ju èékánná ọwọ́ lọ. Òǹkàwé kan fi lẹ́tà ránṣẹ́, ó ń béèrè irú kòkòrò tí ìyẹn jẹ́.

Lọ́dọọdún, ilé-iṣẹ́ náà máa ń gba akọ́ṣẹ́ mẹ́rin fún oṣù mẹ́ta. Bí oṣù mẹ́ta bá pé, ẹnì kan nínú wọn á di òṣìṣẹ́, àwọn mẹ́ta yòókù á gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n á bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọ́n á sì fi ọ̀nà hàn wọ́n. Lọ́dún tí à ń wí yìí, mẹ́ta nínú wọn kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n. Ẹnì kẹrin jẹ́ obìnrin ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, tí gbogbo ọ́fíìsì wá ń pè ní Akọ̀wé Kóòtù.

Ọdún méjìlélógún ló fi ṣe akọ̀wé ní kóòtù lóòótọ́. Ohun tí adájọ́ bá sọ, ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ, ohun tí olè bá sọ, bó ṣe jáde lẹ́nu wọn ló ń kọ ọ́, àti ikọ́ àti òṣé. Nígbà tí kóòtù ra ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sinmi. Sinmi kẹ̀? Látìgbà tó ti wà lọ́mọge ló ti ń wù ú kó kọ ìtàn tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlòmíràn ni kò jẹ́ kó ráyè. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló bá a rí ìkéde náà.

“Màámi, àwọn ọmọdé lẹ máa lọ jókòó tì o.”

“Ṣé wọ́n kọ ọjọ́ orí síbẹ̀?”

“Wọn ò kọ ọ́.”

“Ó tán nìyẹn.”

Lọ́jọ́ tí wọ́n wọṣẹ́, Baba Gbólóhùn kó wọn jọ sí yàrá ìpàdé. Ó gun orí kápẹ́ẹ̀tì kékeré kan tí wọ́n tẹ́ fún un, ó tún táì àti kóòtù tó wọ̀ sọ́rùn ṣe, ó wo òkè àjà bí ẹni pé ibẹ̀ ni àwọn èrò wà.

“Ẹ̀yin ẹyin tí kò tíì pa!” ló fi bẹ̀rẹ̀. “Ẹ̀yin èèhù tó ń wá oòrùn! Oòrùn ọ̀hún rèé, ó ti wọ kóòtù, ó dúró níwájú yín! Kí ni ìwé ìròyìn? Ìwé ìròyìn ni ọ̀rọ̀. Kí ni ọ̀rọ̀? Ọ̀rọ̀ ni èmi. Ta wá ni èmi?”

Ó dákẹ́, ó ń retí ìdáhùn. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà ti fẹ́ sọ fún un, ó rò pé ó gbàgbé ni, ni igbákejì rẹ̀ bá bú sí àtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ni wọ́n ń pe igbákejì yìí.

“Ọ̀rọ̀ yìí gba inú eegun mi kọjá, sà!” ló kígbe. Ohun tó sọ lọ́dún tó kọjá náà nìyẹn, àti lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ wo bí eegun ọkùnrin náà yóò ti lu jára tó.

Baba Gbólóhùn wá yí sí obìnrin náà. “Ìwọ, ọmọ kékeré yìí.”

Obìnrin náà fi ọdún mẹ́ta ju ọkùnrin náà lọ. Ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀.

“Ìwọ ni mò ń bá wí. Níbí, ẹni tó bá ti di akọ́ṣẹ́ ti di ọmọdé. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, sà,” ni obìnrin náà wí, ó sì gbé e mì bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì. Adájọ́ mẹ́sàn-án ló ti ṣojú rẹ̀ láyé yìí, kò sì sí èyí tí kò padà lọ sílé rẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Baba Gbólóhùn kọ́ wọn bí a ṣe ń di ilẹ̀kùn mú fún olóòtú àgbà, àti bí a ṣe ń pàtẹ́wọ́: ẹ̀ẹ̀mẹta fún gbólóhùn kúkúrú, ẹ̀ẹ̀meje fún èyí tó gùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ wọn níṣẹ́ gan-an ni bàbá arúgbó kan tó jókòó sí yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú báírò pupa, tó ń ka gbogbo ìwé náà láti orí dé ìdí kó tó lọ síbi ìtẹ̀wé. Bàbá Àṣìṣe ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe pé ó ń ṣe é o, òun ló ń mú un. Akọ̀wé Kóòtù kì í kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó kọ ìtàn kékeré kan nípa obìnrin tó ń ta bọ́tìnnì, bàbá náà fi báírò pupa gé e sí ìdajì, ìtàn náà sì dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì.

Báírò pupa yìí kan náà ló dá wàhálà sílẹ̀. Lóṣù kan, Baba Gbólóhùn lo “gidigidi” ní ẹ̀ẹ̀meje nínú gbólóhùn kan. Bàbá Àṣìṣe yọ mẹ́rin, ó ṣàánú fi mẹ́ta sílẹ̀. Bí ìwé náà ṣe jáde, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ àbúrò Baba Gbólóhùn kà á sí i létí lórí fóònù, ọkùnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka gidigidi rẹ̀ bí olówó tí wọ́n jà lólè.

“Mẹ́rin dà?” ló ń pariwo káàkiri. “Gidigidi mi mẹ́rin dà?”

Ó pe ìpàdé pàjáwìrì. Ó fi wákàtí méjì sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà sunkún níbẹ̀, omi gidi ló jáde lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé òfin tuntun kọ́ sára ògiri, nínú férémù oníwúrà:

OHUNKÓHUN TÓ BÁ TI ẸNU OLÓÒTÚ ÀGBÀ JÁDE, BÓ TI JÁDE NI KÍ Ẹ TẸ̀ Ẹ́. ẸNI TÓ BÁ YỌ OHUNKÓHUN KÚRÒ, ÒUN NÁÀ YÓÒ YỌ KÚRÒ.

Bàbá Àṣìṣe kà á, ó ní kò sí àṣìṣe níbẹ̀, ó sì padà sí yàrá rẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí oṣù mẹ́ta pé, ìwé ìròyìn náà fẹ́ pé ọgbọ̀n ọdún. Baba Gbólóhùn ní òun yóò sọ ọ̀rọ̀ tí ayé kò ní gbàgbé. Ìyẹn náà ṣẹ o. Ó pe Akọ̀wé Kóòtù wọlé nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ yá, ó gbé ẹsẹ̀ lé tábìlì, ó dijú.

“Kọ ọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé wa àtàtà, ọgbọ̀n ọdún kì í ṣe ọgbọ̀n ọjọ́. Ta ló ń kanlẹ̀kùn? Ẹ sọ fún un pé mi ò sí. Ìwé yìí ni ojú tí ẹ fi ń rí ayé, èmi sì ni ẹyinjú ojú ọ̀hún. Ó dùn, àbí? Ó dùn gan-an. Kó tó dé ọwọ́ yín lóṣooṣù, mo máa ń fi omijé ayọ̀ ka gbogbo ojú ìwé rẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Irọ́ ńlá. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti kà á gbẹ̀yìn. Ta ló ráyè ọ̀rọ̀ adìẹ?”

Ẹ̀yin ń wò ó pé kí ló mú un sọ irú èyí níṣojú èèyàn. Níṣojú èèyàn kọ́. Lójú tirẹ̀, akọ́ṣẹ́ àti àga, ọgba ni wọ́n.

Obìnrin náà gbé báírò dúró. “Ọ̀gá, ṣé kí n kọ ìyẹn náà?”

Ọkùnrin náà kò la ojú. Ó na ìka sí ògiri. “Kí ni férémù yẹn wí?”

“Ó ní bó ti jáde, sà.”

“Ṣé o rí ‘àyàfi’ kankan níbẹ̀?”

“Rárá, sà.”

“Máa kọ ọ́ nígbà náà. Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá Àgbà, opó ọlọ́gbọ́n tó dá ilé-iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Màmá tí kò mọ nǹkan kan, ó kàn jókòó sórí ilé-iṣẹ́ bí adìẹ tó ń sàba lórí òkúta. Àwọn akọ́ṣẹ́ wa ni iyùn wa. Ìgbà wo ni wọ́n tiẹ̀ máa lọ? Wọ́n kàn ń fa gbogbo afẹ́fẹ́ ọ́fíìsì tán.”

Fóònù rẹ̀ dún. Ó wo orúkọ tó wà lójú rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tábìlì kíákíá, ó jókòó dáadáa.

“Hẹ́lò, olólùfẹ́ mi. Rárá, mi ò gbàgbé. Mo ní mi ò gbàgbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Màá fọ̀ ọ́ tí mo bá dé. Gbogbo ẹ̀. Gbogbo ẹ̀, àti ìkòkò.” Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó wú ikọ́, ohùn rẹ̀ tún padà di ti oòrùn tó wọ kóòtù. “Ọlá ni fún yín pé ẹ ní mi. Ó parí. Lọ tẹ̀ ẹ́.”

Ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Bàbá Àṣìṣe kà á, ó kọ́kọ́ fi orí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó gbójú sókè, ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀.

“Ìyá, wọ́n máa lé wa dànù.”

“Bàbá, òfin wà lára ògiri.”

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ fi hàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ọkàn wa lè mọ́.”

Obìnrin náà bá Baba Gbólóhùn níbi tí ayàwòrán ti ń yà á. “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka èyí. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí mo rò pé ẹ ò ní fẹ́.”

“Ọ̀rọ̀ mi, kí èmi má fẹ́ ẹ?” Ó gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà, ó lù ú mọ́ ìwé náà, kò tilẹ̀ yí ojú kúrò lọ́dọ̀ ayàwòrán. MO TI KÀ Á. Ó DÁRA. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà náà fọwọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Ó gbé ìwé náà lé àyà, ó dijú, ó ní ó ti gba inú eegun òun kọjá.

Nílé, ọmọ Akọ̀wé Kóòtù gbá orí mú. “Màámi! Ẹ yọ ọ́ kúrò jàre. Iṣẹ́ tí ẹ ti ń wá láti ọjọ́ yìí!”

“Bí mo bá yọ ọ́, òfin á lé mi. Bí mi ò bá yọ ọ́, ìbínú á lé mi. Níbi méjèèjì tí wọ́n ti máa lé mi yìí, èyí tí mi ò ti purọ́ ni mo fẹ́ bá lọ.”

“Ṣé ìyẹn nìkan ni?”

Obìnrin náà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ó tún kù díẹ̀,” ló wí, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Èmi ò sọ fún yín pé áńgẹ́lì ni.

Ní òwúrọ̀ tí ìwé náà jáde, Baba Gbólóhùn rí èrò rẹpẹtẹ níwájú olùtàwé tó wà ní ìkóríta. Àwọn kan di ara wọn mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń nu ojú.

“Ayọ̀ nìyẹn,” ni Baba Gbólóhùn wí fún awakọ̀ rẹ̀. “Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ mi ṣe mú wọn.”

Olùtàwé dá a mọ̀ láti ara àwòrán, ó sáré wá sí ojú fèrèsé ọkọ̀. “Ọ̀gá! Ẹyọ kan ò kù! Gbogbo ẹ̀, àti ìkòkò!”

Baba Gbólóhùn rò pé ìkíni tuntun ni. “Gbogbo ẹ̀, àti ìkòkò!” lòun náà fi dáhùn, ó ń juwọ́ bí ọba, ìyẹn sì tún mú àwọn tó ti ń dìde padà jókòó sílẹ̀.

Ó dé ọ́fíìsì, aṣọ́nà bojú. Ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó gun kápẹ́ẹ̀tì. “Wọ́n ní a ti tà tán kí aago mẹ́wàá tó lù! Láti ọgbọ̀n ọdún, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí! Kí ló fà á? Ọ̀rọ̀ mi ni! Mo fọ̀ wọ́n lójú, mo fọ̀ wọ́n létí...”

“Ó ku àwo,” ni ẹnì kan wí lẹ́yìn.

Kó tó béèrè ẹni tó sọ ọ́, fóònù rẹ̀ dún. Gbogbo yàrá rí bí ojú rẹ̀ ṣe ń yí padà, láti wúrà dé eérú. “Ìkòkò wo?... Ojú ìwé kelòó?... Èmi ni mo kọ kí ni?” Ó fa ìwé kan gbà lọ́wọ́ ẹni tó sún mọ́ ọn. Báyìí ni olóòtú àgbà ṣe ṣí ìwé ìròyìn rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún mẹ́rin. Mo sì lè fi dá yín lójú pé kò fo ọ̀rọ̀ kan.

Màmá Àgbà dé lọ́sàn-án, ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé, pẹ̀lú díńgí tó fi ń mú ọ̀rọ̀ tóbi. Ó jókòó sórí àga Baba Gbólóhùn láìbéèrè. Baba Gbólóhùn dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kóòtù rẹ̀ ń nu ilẹ̀.

“Màmá, wọ́n fẹ́ ba tèmi jẹ́ ni! Akọ́ṣẹ́ yìí ni! Ejò ni wọ́n mú wọlé!”

Akọ̀wé Kóòtù bọ́ síwájú. Ó ṣí ìwé kan síwájú Màmá. “Màmá, ìwé tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ rèé, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Mo bi ọ̀gá bóyá kí n kọ ọ́, wọ́n ní kí n kọ ọ́. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kà á, wọ́n lu òǹtẹ̀. Mo ṣe é bí òfin ti wí.”

Màmá Àgbà fi díńgí wo òǹtẹ̀, ó wo férémù ara ògiri, ó wá wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀.

“Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Ṣé o kà á, àbí o ò kà á?”

Ẹ bá mi wo irú pàkúté yìí. Bó bá ní òun kà á, a jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ pe ìyá oníyàá ní adìẹ. Bó bá ní òun ò kà á, a jẹ́ pé òǹtẹ̀ rẹ̀ ń purọ́, ó sì tún ti jẹ́wọ́ ọdún mẹ́rin níwájú gbogbo ayé. Ọkùnrin tó ní ọ̀rọ̀ ni òun wá ọ̀rọ̀ tì.

“Mà...” ló wí. “Gidigidi...”

“Ẹ lé wọn dànù, Mà!” ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ké. Ó ti kúrò lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀ tipẹ́, ẹ̀gbẹ́ Màmá ló dúró sí báyìí. “Ìbéèrè yín gba inú eegun mi kọjá, Mà!”

“Ìwọ náà fọwọ́ sí i,” ni Màmá wí. “Àwọn ìwé tí a kò rí tà láti ọdún mẹ́wàá wà ní yàrá ìsàlẹ̀. Lọ máa kà wọ́n. Bó o bá ti ka ọ̀kan tán, kí o wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi.”

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ láti ikùn, díńgí ń mì lọ́wọ́ rẹ̀. “Adìẹ tó ń sàba lórí òkúta! Láti ọgbọ̀n ọdún, òun ni gbólóhùn àkọ́kọ́ tí mo gbádùn lójú ìwé kìíní. Dìde ńlẹ̀. Mi ò ní lé ẹ. O lẹ́nu, o kàn ò lójú ni. Láti ọ̀la, akọ́ṣẹ́ ni ẹ́. Oṣù mẹ́ta, lọ́dọ̀ Bàbá Àṣìṣe. Èmi fúnra mi á máa ṣe olóòtú ní tèmi.”

Ó yí sí Akọ̀wé Kóòtù. “Ìwọ, ìkà ni ẹ́ díẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Díẹ̀.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo ka ìtàn oníbọ́tìnnì yẹn, Bàbá Àṣìṣe ló fi ránṣẹ́ sí mi. Wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.”

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nira fún Baba Gbólóhùn. Ó jókòó sí igun yàrá ẹ̀yìn, ó ń ṣí ìwé bí ẹni ń ṣí egbò. Bàbá Àṣìṣe kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn ń gbé ojú ìwé síwájú rẹ̀, á ní, “Kà á. Jẹ́jẹ́. Tún un kà.” Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tó ti gba ìwé ẹ̀rí wá kí wọn lọ́jọ́ kan, wọ́n sì di ilẹ̀kùn mú fún un nítorí pé ó ti mọ́ wọn lára. Ojú tì í, ó ní kí wọ́n má ṣe é mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Akọ̀wé Kóòtù wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tó gbọ́ igbe láti yàrá ẹ̀yìn. Ó sáré lọ. Baba Gbólóhùn dúró lórí ẹsẹ̀ kan, kò wọ kóòtù, ojú ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Mo rí i! Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá gbọ́, mo rí ọ̀kan!” Ó kà á sókè: “‘Bí ọkọ rẹ bá dógùn-ún, fi iyanrìn fá a, fi epo pa á lára, kí o sì gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn títí òjò àkọ́kọ́ yóò fi rọ̀.’ Ọkọ́ ni wọ́n fẹ́ kọ! Ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko! Ẹni tó kọ ọ́ kò fi àmì sí i!”

Bàbá Àṣìṣe bọ́ awò ojú rẹ̀ kó má baà bọ́ fúnra rẹ̀. Akọ̀wé Kóòtù fara ti ògiri, kò lè mí. Baba Gbólóhùn rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wá ibi jókòó, ó sì fa fóònù yọ, ó pe ìyàwó rẹ̀, ó kà á fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n gbọ́ bí obìnrin náà ṣe ń rẹ́rìn-ín láti ibi tí wọ́n dúró sí.

“Kí ni wọ́n wí?” ni Bàbá Àṣìṣe béèrè.

“Wọ́n ní kí n má tún un ṣe o. Wọ́n ní bó ṣe wà yẹn gan-an ló wúlò.”

“Ìwọ ńkọ́, kí lo máa ṣe?”

Baba Gbólóhùn tún gbólóhùn náà kà. Ó mú báírò pupa, ó fi àmì òkè kékeré kan sórí ọ̀rọ̀ náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fi ìka kan ọmọ tó sùn. Ó sì fa ojú ìwé tó kàn mọ́ra.